Ta ni yóò tọ́jú odídẹrẹ́ àti ajá mi lẹ́yìn tí mo bá kú?

Ìyá Àgbà, Lọ́ńdọ̀nù:

Mo kí gbogbo yín o. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọkọ mi sì ti ṣaláìsí; odídẹrẹ́ kan àti ajá kan tó ti ń darúgbó ni a jọ ń gbé ilé báyìí. Ọ̀rọ̀ ajá kò fi bẹ́ẹ̀ dà mí láàmú, nítorí ó ṣeé ṣe kó ṣáájú mi lọ. Ṣùgbọ́n odídẹrẹ́ tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa lè lo ọdún 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé, tèmi kò sì tíì pé ọdún 20, nítorí náà òun ni yóò gbẹ̀yìn mi.

Àwọn ọmọ mi méjèèjì kò lè gbà á. Èyí àgbà ń gbé nínú fúláàtì tí onílé kò ti gbà kí wọ́n sin ẹran, èkejì sì ní ọmọ tí àyà rẹ̀ máa ń há bí eruku ìyẹ́ bá ti wọ̀ ọ́ nímú. Nígbà tí mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, wọ́n ní kí n má pe ikú wálé. Èmi kò gbà pé sísọ̀rọ̀ ikú a máa pa ènìyàn. Mo fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìpíngún mi pé kí wọ́n ya owó kan sọ́tọ̀ fún odídẹrẹ́ àti ajá mi. Ǹjẹ́ òfin gba bẹ́ẹ̀? Kí ni mo sì lè ṣe kí odídẹrẹ́ mi má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ohun tó ń jẹ?

Akọ̀wé Lọ́yà, Manchester:

Ẹ kú àròjinlẹ̀, mà. Dúkìá ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka ẹran ọ̀sìn sí, dúkìá kò sì lè jogún. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ẹ fi owó sílẹ̀ fún odídẹrẹ́ yín, ọ̀rọ̀ náà kò ní lè dúró bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn lọ́yà sábà máa ń kọ ni pé ẹ fi ẹran náà fún ẹnì kan tí ẹ dárúkọ, ẹ sì fi iye owó kan tì í, pé ìfẹ́ ọkàn yín ni kí ó fi owó náà tọ́jú rẹ̀. Ìfẹ́ ọkàn ni o, kì í ṣe àṣẹ. Bí ẹni náà bá gba owó tán, tó sì gbé ẹyẹ náà fún ẹlòmíràn, kò sí ohun púpọ̀ tí ilé ẹjọ́ lè ṣe fún un, ìdí sì nìyí tí ìwà ẹni tí ẹ bá yàn fi ṣe pàtàkì lójú mi ju bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ inú ìwé lọ.

Ọ̀nà mìíràn wà, èyí tí a fi ń fi owó sábẹ́ alábòójútó nítorí ẹran. Nínú ẹjọ́ Re Dean ti ọdún 1889, ilé ẹjọ́ gbà pé owó tí ọkùnrin kan fi sílẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn ẹṣin àti ajá rẹ̀ lè dúró. Àmọ́ kò sí ẹni tó lè fi òfin mú alábòójútó náà láti ná an, ètò bẹ́ẹ̀ kì í sì í sábà lè kọjá ọdún 21. Ó lè tó fún ajá. Kò lè tó fún odídẹrẹ́ yín. Ní ti ajá, Dogs Trust, àjọ aláàánú tó ń tọ́jú ajá, ní káàdì kan, Canine Care Card, tí ẹ lè forúkọ sílẹ̀ fún lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n lè wá ilé tuntun fún un bí ẹ kò bá sí mọ́. RSPCA, àjọ aláàánú tó ń dáàbò bo ẹranko, náà ní ètò tirẹ̀ tó ń jẹ́ Home for Life. Ẹ bi wọ́n léèrè nípa ti ẹyẹ.

Bàbá Ìbejì, Houston:

Mo kí Màmá. Ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì dára kí àwọn ará wa tó wà níhìn-ín mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ló ti ní òfin tó fàyè gba pet trust, ìyẹn owó tí a fi sábẹ́ alábòójútó nítorí ẹran, Minnesota ló sì ṣe tirẹ̀ gbẹ̀yìn ní ọdún 2016. Níbí ní Texas, ẹni tí ẹ yàn, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ bá yàn, lè mú alábòójútó tí kò ná owó náà bó ti yẹ lọ sílé ẹjọ́, ètò náà yóò sì wà títí ẹran náà yóò fi kú. Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ ni pé kí ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ má ṣe jẹ́ ẹni tí ẹran wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹnì kan lè máa ṣọ́ èkejì.

Kí owó náà sì mọ níwọ̀n. Nígbà tí Leona Helmsley, obìnrin olówó tó ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì ní New York, kú ní ọdún 2007, mílíọ̀nù 12 dọ́là ló fi sílẹ̀ fún ajá rẹ̀ tó ń jẹ́ Trouble. Adájọ́ gé e kù sí mílíọ̀nù 2.

Dókítà Ẹran, Ìbàdàn:

Ẹ̀yin méjèèjì ti ṣàlàyé òfin dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹyẹ náà fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń fọ́. Odídẹrẹ́ máa ń ṣọ̀fọ̀. Bí ẹni tó mọ̀ kò bá sí mọ́, òmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu tu ìyẹ́ ara rẹ̀ títí àyà rẹ̀ yóò fi wà ní ìhòòhò, òmíràn á kọ oúnjẹ, òmíràn á sì máa fi ohùn òkú pe àwọn ará ilé, èyí tí ẹbí tó ń ṣọ̀fọ̀ lè máà lè fara dà. Nítorí náà, Màmá, ẹ yan ẹni náà nísinsìnyí, kí ẹ sì gba ìlérí lẹ́nu rẹ̀. Kó máa wá fún ẹyẹ náà lóúnjẹ lójú yín; bí ẹ bá rin ìrìn àjò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí.

Ẹ kọ ìtọ́jú rẹ̀ sílẹ̀ sórí ìwé kan: ohun tó ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, àwọn ọ̀rọ̀ tó ń sọ, ohun tó máa ń dẹ́rù bà á, dókítà tó mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n má fún un ní píà (èyí tí wọ́n ń pè ní avocado) tàbí ṣokoléètì láé. Ẹni tó bá ń fi páànù ìgbàlódé tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ dín ẹyin kò gbọdọ̀ gbé àgò rẹ̀ sítòsí ilé ìdáná, nítorí bí páànù náà bá gbóná jù, èéfín rẹ̀ lè pa ẹyẹ náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀ ìwé ìpíngún, nígbà tó jẹ́ pé alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ẹyẹ àti ajá máa jẹun. Kí aládùúgbò kan ní kọ́kọ́rọ́ ilé yín, kí ẹ sì fi káàdì kékeré sínú pọ́ọ̀sì yín tó sọ pé ẹran wà nílé àti ẹni tí wọn yóò pè. Yóò wúlò bákan náà bí ó bá jẹ́ ọsibítù ni wọ́n sáré gbé yín lọ.

Nílé níhìn-ín, mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé lẹ́yìn ìsìnkú, kálukú a padà sí Èkó, ajá a kù sọ́wọ́ mẹ́gáàdì, kò sì ní sí ẹni tí yóò rántí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ mọ́.

Ìyá Àgbà, Lọ́ńdọ̀nù:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ràn ẹyẹ náà gan-an, màá bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ní Abẹ́òkúta ń sọ pé kí n kúkú fi ránṣẹ́ sí òun. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Dókítà Ẹran, Ìbàdàn:

Ó ṣòro, mà. Ní ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé tó ń ṣàkóso òwò àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu, tí wọ́n ṣe ní Johannesburg lọ́dún 2016, wọ́n gbé odídẹrẹ́ sí ìsọ̀rí kìíní, níbi tí àwọn ẹ̀dá tí ààbò wọn le jù wà, torí pé wọ́n ti kó wọn tà nínú igbó Áfíríkà láìníye. Láti gbé e sọdá, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìwọlé ti Nàìjíríà kí Bìrìtìkó tó lè fún yín ní ti ìjáde, wọn yóò sì béèrè ẹ̀rí bí ẹyẹ náà ṣe dé ọwọ́ yín. Ọ̀rẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì ni èmi yóò fi í fún. Ẹ wá ìwé tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ rà á, ẹ kọ nọ́ńbà òrùka ẹsẹ̀ rẹ̀ sí i, kí ẹ sì kó o fún un pọ̀ mọ́ ìwé ìtọ́jú náà.