Ta ni chip kọ̀ǹpútà ti dè mọ́lẹ̀ rí? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ni pé kí kọ̀ǹpútà máa gbọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Owó àjọ ọdún kan gbáko ni mo fi ra káàdì GPU, èyí tó ń ṣe àwòrán àti ìṣirò ńlá fún kọ̀ǹpútà, ní Ọ̀tígbà. Mo bi ẹni tó tà á bóyá á lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, ó ní kò sí èyí tí ò ní í ṣe. Mo gbé e délé, ó di pé gbogbo kóòdù tí mo rí kó jọ, CUDA, ètò tí wọ́n fi ń gbé iṣẹ́ ìṣirò fún káàdì, ni wọ́n ń bèèrè. Káàdì ilé-iṣẹ́ NVIDIA nìkan sì ni CUDA ń bá ṣiṣẹ́. Tèmi kì í ṣe NVIDIA. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń bá a fà á. Ta ni irú ẹ̀ ti ṣe rí?

Ìyá Ìbejì
Owó àjọ! Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi.

Ọmọ Ọ̀tígbà
Ẹ má dá àwa ọlọ́jà lẹ́bi o. Àwọn tó ń ṣeré géèmù ló ń ra káàdì lọ́wọ́ wa. Níbo ni ọlọ́jà á ti gbọ́ CUDA? Òótọ́ ló sọ níwọ̀n ìmọ̀ tiẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Ẹni tí ò mọ̀, kó ní òun ò mọ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ló kówó lọ yẹn.

Bàbá Lewisham
Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1998 níbí ní London, Voodoo ni káàdì tí gbogbo wa ń lé kiri. Ilé-iṣẹ́ 3dfx ló ṣe é, wọ́n sì ní èdè tiwọn tí wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀, Glide lorúkọ ẹ̀. Voodoo ìgbà yẹn ò lè dá dúró, okùn kékeré kan ló so ó mọ́ káàdì àtijọ́ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n tí géèmù tí wọ́n fi Glide kọ bá ti wọ orí ẹ̀, omi inú géèmù á máa dán bí omi gidi. A rò pé títí ayé ni. Nígbà tí Direct3D ti Microsoft àti OpenGL, èdè tí káàdì oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ ń gbọ́, gbilẹ̀, àwọn tó ń kọ géèmù ò rí ìdí tí wọ́n á fi há sọ́dọ̀ ẹnì kan mọ́. Ní December 2000, ta ló gbà láti ra ohun ìní 3dfx? NVIDIA ni.

Ìyá Ìbejì
NVIDIA yìí náà?

Bàbá Lewisham
Òun náà ni.

Ọmọ Ọ̀tígbà
Ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, ibi tí processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ń jókòó sí lórí bọ́ọ̀dù, ló dùn mí jù. Oníbàárà kan gbé processor tuntun wá, ó ní kí n fi rọ́pò ti àtijọ́. Mo nu ọ̀dà tó gbẹ sórí ti àtijọ́ kúrò, mo kó méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo wo igun tó ní àmì, wọ́n bá ara mu. Iye ẹsẹ̀ (pin) kan náà. Tuntun wọlé wọ́ọ́rọ́. Mo tan iná sí i, fáànù ń yí, ojú ẹ̀ dúdú kirikiri. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì o! Wọ́n ti yí iṣẹ́ àwọn ẹsẹ̀ kan padà, ó di dandan kó ra bọ́ọ̀dù míì. Èmi ni oníbàárà wá ń wò bí olè.

Ọ̀dọ́ Agége
Ìdí nìyẹn tí mo fi wà lẹ́yìn AMD, àwọn náà ń ṣe processor àti káàdì. Láti 2016 ni sọ́kẹ́ẹ̀tì AM4 ti jáde, ní 2022 wọ́n ṣì ń ṣe processor tuntun fún un.

Oníkóòdù
Ẹ má sọ AMD di áńgẹ́lì. Ní May 2020, wọ́n kéde pé processor Ryzen wọn tó ń bọ̀ ò ní í ṣiṣẹ́ lórí bọ́ọ̀dù B450 àti X470. Ìgbà tí àwọn oníbàárà fárí gá ni wọ́n tó yí ohùn padà.

Ọ̀dọ́ Agége
Wọ́n ṣáà gbọ́.

Oníkóòdù
Wọ́n gbọ́ torí wọ́n ṣì ń wá oníbàárà nígbà yẹn. Ẹ wo CUDA. Láti 2007 ni NVIDIA ti gbé e síta, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi kọ́ṣẹ́, àwọn olùkọ́ fi ń kọ́ni, kóòdù ń gorí kóòdù. Ọdún 2016 ni AMD ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ROCm, irú CUDA tiwọn, dé. Títí dòní, tẹ́ ẹ bá lo PyTorch, ohun èlò tí wọ́n fi ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní ìmọ̀, lórí káàdì AMD, “cuda” náà lẹ máa kọ sínú kóòdù yín. Orúkọ ẹni tí wọ́n ń bá díje ni wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn nílé ara wọn. Ọwọ́ àwa tá à ń kọ kóòdù ni ìdè yẹn wà ju inú chip lọ.

Rírà-Ló-Mọ̀
Èmi ló ń ra kọ̀ǹpútà fún ọ́fíìsì kan. Olùpèsè kan sọ fún mi pé tí mo bá ra ẹyọ kan ṣoṣo níbòmíì, ẹ̀dínwó wa ti lọ nìyẹn. Mo gbọ́ ọ, mo dákẹ́.

Bàbá Lewisham
Irú ẹ̀dínwó bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Yúróòpù torí ẹ̀ bu owó ìtanràn €1.06 bílíọ̀nù fún Intel, tó ń bá AMD díje lórí processor, ní 2009. Intel gbé e lọ kóòtù, ní 2022 kóòtù wọ́gi lé ìtanràn náà.

Rírà-Ló-Mọ̀
Ọdún mẹ́tàlá! Ta ni yóò fún AMD ní ọjà tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀?

Oníkóòdù
Intel fúnra wọn ti san $1.25 bílíọ̀nù fún AMD láti 2009 kí wọ́n lè parí ẹjọ́ àárín wọn. Bí a ti ń jà, bí i ká kú kọ́. Ní 2024 àwọn méjèèjì jọ dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ nítorí x86, ìlànà tí processor wọn jọ ń tẹ̀lé, ní 2025 NVIDIA kéde pé òun máa fi $5 bílíọ̀nù ra ìpín nínú Intel.

Ọ̀dọ́ Agége
Ta wá là ń bá wọn jà fún?

Oníkóòdù
Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀, ṣé Linux lò ń lò àbí Windows? Káàdì rẹ ńkọ́, wo nọ́ńbà ẹ̀ fún mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀
Windows ni, ẹ̀gbọ́n. Mo máa fi nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́ tí iná bá dé.

Ìyá Ìbejì
Àbúrò, ohùn ta lò ń gbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ yẹn? Ìjẹ̀bú ni mí, mo lè máa ka ìwé fún ẹ lálẹ́ tí àwọn ọmọ bá ti sùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀
Ẹ ṣeun gan-an, mà! Ohùn Ìjẹ̀bú ni mi ò tíì ní rárá.