Erin igbó, erin ọ̀dàn àti "bèbè ìparun"

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Ìsàlẹ̀ Èkó dábàá pé ká máa pe oríṣi erin méjì tó wà ní Áfíríkà ní "erin ẹgàn" àti "erin ọ̀dàn" lédè Yorùbá. Ẹgàn ni igbó kìjikìji, ọ̀dàn ni ilẹ̀ koríko. Mo fara mọ́ ọ̀dàn, mi ò fara mọ́ ẹgàn. Ta ló ń rántí àmì ohùn tó bá ń tẹ fóònù nínú dánfó láti Yábà dé Ọ̀yíǹgbò? "Erin egan" lẹ máa rí, ẹ̀rín ẹ̀gàn ni ọ̀pọ̀ èèyàn yóò sì kà.

"Erin igbó" tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n ní "igbó" nínú ajá igbó àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó ń sọ pé ẹranko náà kì í ṣe ti ilé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló ń sin erin nílé nílẹ̀ Yorùbá? Kò sí erin ilé tí yóò da ọ̀rọ̀ rú.

Àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra lóòótọ́. Erin igbó kéré, etí ẹ̀ ṣe róbótó, eyín ẹ̀ tọ́ gbọọrọ wá sílẹ̀. Ti ọ̀dàn tóbi jù ú lọ, eyín tiẹ̀ sì tẹ̀ síta. Ẹni tó bá gba Ìjẹ̀bú lọ sí J4 nínú igbó Omo, ilé erin igbó ló dé. Èyí tó wà ní Yankari ní Bauchi, ti ọ̀dàn ni.

Tẹ́lẹ̀, ẹran kan ṣoṣo ni IUCN, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń sọ bí ewu ìparun ẹranko kọ̀ọ̀kan ṣe tó, kà wọ́n sí. Oṣù Kẹta ọdún 2021 ni wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀. Erin ọ̀dàn ti dín kù ní ó kéré tán ìdá 60 nínú 100 láàárín ọdún 50. Ti igbó lé ní ìdá 86 láàárín ọdún 31 péré! Àwọn tó ń pa wọ́n nítorí eyín ló fà á, àti igbó tí à ń gé. Erin igbó tún máa ń pẹ́ gan-an kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, nítorí náà èyí tí wọ́n bá pa kì í tètè ní arọ́pò.

Ìpele ewu tí IUCN fi wọ́n sí ò wá dọ́gba mọ́, síbẹ̀ "ó wà nínú ewu" ni rédíò ń pe gbogbo ẹ̀. Ẹnìkan kọ "nínú ewu gidi gan-an" fún erin igbó. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ oníṣòwò Balógun tó ń pọ́n ọjà nìyẹn. Tèmi rèé: "ewu rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí ẹ̀" ni ìpele tí àwọn méjèèjì wà kí wọ́n tó pín wọn, "inú ewu" ni ti ọ̀dàn báyìí, "bèbè ìparun" ni ti igbó. Àbá "ẹsẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run" dùn létí, àmọ́ ẹ gbìyànjú kí ẹ kọ ọ́ sínú àtẹ ìwé sáyẹ́ǹsì.

Èyí tó ṣì le ni orúkọ ìpele ẹranko tó kù sínú ọgbà ẹranko nìkan. A ò lè ní ó "parun nígbó" mọ́, torí a ti fún erin kan ní igbó, a fún èkejì ní ọ̀dàn. Kí la fẹ́ pe ibi tó jẹ́ ti ẹranko, yálà igi wà níbẹ̀ tàbí koríko?