Ẹ̀yin tí wọ́n ti fi oògùn kun ọmọ yín lóorun nítorí jẹjẹrẹ ojú, ẹ wá sọ ìrírí yín

Ìyá kan, Kàbà:
Okun o, ẹ̀yin ará. Ọmọbìnrin mi kò tíì pé ọdún méjì nígbà tí a rí i nínú fọ́tò pé ọmọlójú rẹ̀ kan ń tàn funfun bí ojú ológbò lóru. Retinoblastoma, jẹjẹrẹ ojú tó ń mú ọmọdé, ni wọ́n pè é. Láti ìgbà náà la ti ń gba Ìsánlú kọjá lọ sí Ìlọrin. Bí dókítà bá fẹ́ yẹ inú ojú náà wò, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ kùn ún lóorun, torí ọmọdé ò lè dúró jẹ́ẹ́ kí wọ́n máa tan iná sí i lójú.

Ká sòótọ́, oorun yẹn ló ń dẹ́rù bà mí ju àìsàn náà lọ. Dókítà akunilóorun ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ó wọn ọmọ, torí kílò ni wọ́n fi ń díwọ̀n oògùn. Ó bi mí bóyá ó ń wúkọ́, bóyá oògùn oorun ti da ẹnikẹ́ni láàmú rí nínú ẹbí, àgbo wo la fún un. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ, títí kan àgbo ibà tí ìyá ọkọ mi sè. Ó ní kí oúnjẹ ti dáwọ́ dúró ní wákàtí 6 ṣáájú, ọmú ní wákàtí 4, omi lásán ní wákàtí 2, kí ohun tó wà nínú ikùn má baà gòkè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ògì, oúnjẹ ni o, kì í ṣe omi!

Ìgbà kan, kàtá mú un, wọ́n sì ní ká padà sílé. Bàbá rẹ̀ bínú nítorí owó ọkọ̀, ṣùgbọ́n mo dúró ti dókítà: ọ̀nà ọ̀fun ọmọ tó ń wúkọ́ lè dédé há pa nínú oorun yẹn. N kò sáà kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi dá ọjọ́ mìíràn, torí jẹjẹrẹ kì í dúró de kàtá.

Bàbá kan, Ìsánlú:
Ẹ kú ìrójú, ìyá. Wọ́n ní láti yọ ojú kan fún ọmọkùnrin tèmi. Mo bèèrè ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọkàn rẹ̀. Wọ́n ní bí wọ́n bá fa iṣan ojú, ọkàn lè máa lù díẹ̀díẹ̀. Wọn á dáwọ́ dúró, oògùn sì wà fún un. Wọ́n fi ohun tí wọ́n ń fi há ìka hàn mí, èyí tó ń sọ bí atẹ́gùn ṣe wà nínú ẹ̀jẹ̀ sí. Ẹ bèèrè tiyín náà, ẹ má tijú.

Nọ́ọ̀sì kan, Ẹ̀gbẹ̀:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pọn ọmọ tí oorun ò tíì dá lójú rẹ̀, pàápàá lórí ọ̀kadà. Orí rẹ̀ á tẹ̀ síwájú, èémí á há. Ẹ gbé e mọ́ àyà níbi tí ẹ ti lè máa rí ojú rẹ̀. Bí ètè rẹ̀ bá dúdú tàbí tó ń bì láìdáwọ́ dúró, ẹ dá a padà kíá.

Ìyá Kàbà, ọjọ́ wo lẹ tún ń lọ?