Mo ní mẹ́ta, wọ́n gé márùn-ún fún mi: ẹ wá sọ tiyín nípa èdè tó ti dójú tì yín

Télọ̀ Àjárá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lánàá ni ọmọ àbúrò mi rí mi níbi tí mo ti ń tẹ áàpù tí wọ́n fi ń kọ́ Faransé lórí fóònù, ló bá ní "àǹtí, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ máa sọ òyìnbó onímú yìí ni?" Mo kàn rẹ́rìn-ín. Ohun tó wà nídìí Faransé yẹn, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù.

Àgbádárìgì ni wọ́n bí mi sí, Àjárá ni mo gbé dàgbà, ṣùgbọ́n ará Ìjẹ̀bú ni bàbá àti ìyá mi. Yàrá tó kọjú sí tiwa, ìyá Ègùn kan ló ń gbébẹ̀, ẹja ló ń yan tà. Ègùn ni ìyá yẹn máa ń bá wa sọ, Yorùbá la fi ń dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá ara wa gbé fún ọdún gbọọrọ, kò sì sẹ́ni tó kà á sí nǹkan kan. Ó bá ní ká bu osìn wá, a ó bu omi wá. Ó bá ní "wá", a ó sáré lọ, torí "wá" tiwọn àti "wá" tiwa, ìkan náà ni. A ń gbọ́ ọ, a ò kàn kì í sọ ọ́ ni. Ká sòótọ́, ojú ló ń tì wá, torí níléèwé tẹ́nu ọmọ kan bá ti yọ Ègùn, kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì wà lára àwọn tó ń rẹ́rìn-ín o, kí n má parọ́.

Ó dáa. Télọ̀ ni mí. Kí wọ́n tó ti bọ́dà pa ní oṣù kẹjọ 2019, ẹnì kan ló máa ń bá mi ra aṣọ bọ̀ láti Kútọnu. Wọ́n ti bọ́dà, ẹni yẹn ò lọ mọ́. Ká tó mí délẹ̀, kòrónà dé ní 2020, kò sí ìgbéyàwó, kò sí òkú ṣíṣe, ta ló fẹ́ gbé aṣọ wá fún télọ̀? Máṣínì mi ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Ibi tí mo ti ń fi dátà ṣòfò kiri ni mo ti bá áàpù yìí pàdé, mo ní kàkà kí n máa wo ìjà àwọn èèyàn lórí Facebook, jẹ́ n kọ́ Faransé, tí bọ́dà bá ṣí màá lọ ra aṣọ mi fúnra mi, ẹnikẹ́ni ò ní fowó lé e lé mi lórí mọ́.

Lójoojúmọ́ ni o. Tí mi ò bá tíì ṣe é tó bá di alẹ́, fóònù á máa dún, "o ti gbàgbé mi", bí ọkọ tó ń jowú. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi dúró síbẹ̀ ni òǹkà wọn. Nígbà tí mo dé 80 tí wọ́n ní "quatre-vingts", mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì: ogún mẹ́rin. Ha! Ọgọ́rin kọ́ nìyẹn? Ṣebí ogún mẹ́rin làwa náà ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 70 àti 90, a yà síra: wọ́n á ní ọgọ́ta àti mẹ́wàá, àwa ní àádọ́rin, ká yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́rin; àwọn ń fi kún un, àwa ń yọ kúrò. Inú mi dùn débi pé mo pe ọkọ mi lóru kí n ṣàlàyé fún un, ó ní ṣé ara mi yá.

Wọ́n ṣí bọ́dà ní oṣù kejìlá 2020. Bí 2021 ṣe wọlé, mo gbéra. Mo ti to ọjọ́ 211 jọ lórí áàpù yẹn, mi ò fo ẹyọ kan, mo wá ń rìn bí ẹni tó gba físà Paris. Ìrìn Àgbádárìgì sí Sẹ̀mẹ̀, okùn tí wọ́n ta sójú ọ̀nà ò ṣeé kà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. A kọjá bọ́dà báyìí, tí a wọ Kraké, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa bá kú fin-ín. Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Fóònù tó ní gbogbo Faransé mi nínú di tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi.

Mo wọ takisí dé Kútọnu, mo wá gun zémìjàn, ọ̀kadà tiwọn nìyẹn, àwọn tó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò. (Orúkọ yẹn gan-an, èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni, bíi kéèyàn sọ pé "gbé mi kíákíá", ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wà á ò sì tako orúkọ rẹ̀.) Ọ̀gbẹ́ni yìí bi mí ní nǹkan kan, Faransé ni, mo mọ̀ pé Faransé ni, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú fóònù mi máa ń rọra sọ ọ́ ni, ó sì máa ń dúró dè mí. Èyí tó wá sí mi lẹ́nu ni pé ológbò mi ń mu wàrà. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ọjọ́ 211, gbólóhùn tó dúró digbí nínú agbárí mi nìyẹn. Mo ṣáà ń pariwo "Dantokpa, Dantokpa", ó gbé mi lọ.

Ọjà Dantokpa tóbi o. Tẹ́ ẹ bá ro ọjà Agbálátà tiwa, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po púpọ̀. Mo rí aṣọ kan, pupa rẹ́súrẹ́sú tó ní ẹyẹ lára, ọkàn mi fà sí i. Níbẹ̀ yẹn, "pagne" ni wọ́n fi ń ka aṣọ, pagne kan jẹ́ ọ̀pá méjì, ọ̀pá mẹ́fà ni mo sì fẹ́, ìyẹn pagne mẹ́ta. Tí mo bá mọ̀ nígbà yẹn pé "demi-pièce" ni wọ́n ń pe ọ̀pá mẹ́fà, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀. Mo gbọ́ tí ìyá tó ń tajà ń bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ Ègùn. Orí mi wú. Mo ní aáà, èyí tèmi rèé, jẹ́ n sọ èdè Àjárá fún un kó mọ̀ pé ọmọ ilé ni mí, kó lè dín owó ọjà kù. Mo bá na ìka sí aṣọ, mo ní "atọ́n!"

Ìyá yẹn ní hẹn. Ó wọn, ó fi sísọ́ọ̀sì ṣá a létí díẹ̀, ó fà á ya, fààà. Mo rí i pé aṣọ yẹn ń gùn lọ, mo rò pé ó fẹ́ ṣe ènì fún mi ni. Ó ká a, ó dárúkọ owó, ojú mi là. Márùn-ún ló gé. Ẹ̀yin ọmọ Ègùn tó wà níbí á ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: atọ̀n ni mẹ́ta, atọ́n ni márùn-ún. Ohùn ni mo gbé sókè níbi tó yẹ kí n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Èmi Yorùbá! Èmi tí mo máa ń fi àwọn tó ń pe ọkọ ní ọkọ̀ rẹ́rìn-ín.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, Faransé díẹ̀, Ègùn díẹ̀, ọwọ́ púpọ̀. Òógùn bò mí. Ìgbà tó sú mi ni mo kígbe lóhùn ara mi pé "Yéè, mo gbé o! Níbo ni mo ti fẹ́ rówó èyí?" Ìyá yẹn bá dúró, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní: "Ànàgó ni ọ́? Kí ló wá dí ọ lẹ́nu látàárọ̀?"

Yorùbá ni o, ketekete. Ànàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Ọmọ Kétu, ìlú Yorùbá tó wà ní Benin, ni ìyá tó bí i lọ́mọ. Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wo Ànàgó tó ń fi Faransé ya ara rẹ̀ lẹ́nu, wọ́n rẹ́rìn-ín mi títí, wọ́n fún mi lómi mu, ó sì yọ owó díẹ̀ kúrò fún mi, ṣùgbọ́n aṣọ tó ti ya ti ya, mo ra márààrún.

Tiyín dà?

Oníṣòwò Àgbọn

Àǹtí télọ̀, ẹ kú orí ire 😂 Ohùn yìí kan náà ló ṣe èmi léṣe, ti èmi ò sì ju Ìbàdàn lọ, Yorùbá sí Yorùbá ni!

Àgbọn ni mo ń tà, orí WhatsApp ni mo ti ń rí oníbàárà jù báyìí. Bọ̀dá kan kọ ọ́ ránṣẹ́ pé "e ku ise ma, mo fe agbon 40, nlanla ni o, fun inawo". Kò sí àmì kankan lórí ẹ̀, gbogbo wa náà la ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo rò ó pé ìnáwó, wọ́n fẹ́ se ìrẹsì alágbọn ni. Mo dá iye tó jẹ́ fún un, inú ẹ̀ dùn, ó ní "haa ma, o poku gan", kò tiẹ̀ ná an, ó fowó ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ kí n ti fura. Oníbàárà wo ni kì í ná ọjà?

Mo di àgbọn ogójì sínú àpò, mo gbé e fún dírébà. Lọ́jọ́ kejì, bọ̀dá pè mí, ohùn ẹ̀ ti yí padà. Agbọ̀n ló fẹ́ o! Agbọ̀n tí wọ́n hun, tí wọ́n á fi di ẹ̀bùn fún àlejò. Ìnáwó ku ọjọ́ méjì. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́, mo dá owó rẹ̀ padà, ó ní kí n fi àgbọn sílẹ̀, wọ́n á jẹ ẹ́. Ọkọ mi ní kí n máa dúpẹ́ pé kì í ṣe agbọ́n ló fẹ́, ta ni ì bá lọ tú ìtẹ́ ẹ̀ ká?

Látìgbà yẹn, voice note nìkan ni mo ń gbà. Ẹni tí kò bá lè sọ̀rọ̀, kó ya fọ́tò ohun tó fẹ́.

Ọmọ Alákàrà

Áàpù kọ́ ló ń kọ́ èèyàn ní Faransé, ẹ jẹ́ n sọ ti ìyá mi.

Ẹ mọ abúlé Faransé tó wà ní Àjárá níbẹ̀, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1991, tí àwọn ọmọ yunifásítì tó ń kọ́ Faransé máa ń wá gbé. Màmá mi ń dín àkàrà lẹ́bàá ibẹ̀. Wọn ò kàwé rárá, wọn ò lè kọ orúkọ ara wọn. Àwọn ọmọ yẹn á wá látòkèèrè, wọ́n á máa fi àkàrà dán Faransé wọn wò, màmá mi á kàn máa gbọ́. Kò pẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn lóhùn. "Bonjour, combien?" Ata "piment", iyọ̀ "sel", ṣẹ́ńjì "monnaie". Tí ọmọ kan bá fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè, wọ́n á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, wọ́n á ní "en français!" Mo fojú rí ọmọ tó ti wà ní 300 level tó dúró síwájú màmá mi, tó ń wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ẹ̀wà, tí màmá mi sọ ọ́ fún un, tí wọ́n tún ní kó tún un pè.

Èmi tí wọ́n fowó rán nílé ìwé, "je m'appelle" ni mo dé.

Ọmọ Marina

Kò sí ìrìn nínú tèmi, orí àga ni mo jókòó sí.

Mo bá ọ̀gbẹ́ni ará Brazil kan pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Salvador ni wọ́n ń gbé, ẹlẹ́sìn Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà tiwọn, ni, wọ́n fẹ́ gbọ́ Yorùbá, èmi fẹ́ gbọ́ Potogí, a ní ká máa ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Èèyàn yìí mọ omi, obì, àgò, ẹyẹlé, ó mọ orin tí èmi ò gbọ́ rí, ṣùgbọ́n tí mo bá ní "kí lẹ jẹ lónìí", ó parí. Bó bá jí, "mojubá". Tó bá fẹ́ sùn, "mojubá". Mo ní ẹ̀gbọ́n, a kì í júbà ara wa láago mọ́kànlá alẹ́, ẹ kàn sọ pé ó dàárọ̀. X ni wọ́n fi ń kọ ṣ: àṣẹ di axé, Ọ̀ṣun di Oxum. Àkàrà tí màmá Ọmọ Alákàrà ń dín, acarajé ni tiwọn, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, wọ́n á tún ki edé sí i láàárín.

Ó kọrin kan ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan, mo tàn án nílé, ìyá àgbà mi gbọ́ ọ láti yàrá, wọ́n ní "ta ló ń kọrin yẹn, ọmọ ibo ni?" Mo ní òyìnbó ni. Wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa.

Ọjọ́ tó bẹ̀ mí pé kí n fi vídíò han òun ibi tí wọ́n ti kó àwọn èèyàn wọkọ̀ lẹ́rú láyé àtijọ́, mo wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Gbẹ́rẹ́fú, mo fẹsẹ̀ rin inú yanrìn yẹn dé etí òkun, fóònù wà lókè lọ́wọ́ mi, oòrùn ń pa mí. Mo ti ń pa á lẹ́rìn-ín látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo yíjú fóònù sí òkun, kò sọ nǹkan kan. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ ni. Kò lọ. Lálẹ́ ló kọ "obrigado" ránṣẹ́, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo mọ ìdáhùn ẹ̀, ẹ̀kọ́ kìíní ni, ṣùgbọ́n mi ò lè tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ mọ́ kí n tó dá a lóhùn.

Oníṣòwò Àgbọn

Hmm. Ẹ kú iṣẹ́, àbúrò.

Àǹtí télọ̀, ẹ ò sọ tán o. Áàpù ńkọ́? Aṣọ ẹlẹ́yẹ tó lé ńkọ́?

Télọ̀ Àjárá

Áàpù ti fọ ọjọ́ 211 dànù, torí kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́jọ́ tí mo lọ fẹnu ara mi sọ ọ́ ní Kútọnu! Ẹ̀yin náà ẹ wo ìrẹ́jẹ. Mo bínú, mo yọ ọ́ kúrò, ọdún méjì kọjá kí n tó dá a padà. Ṣùgbọ́n mo ti ń lọ jókòó sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja wa àtijọ́ báyìí lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ti dàgbà, ẹnu ń gbọ̀n, mo ní kí wọ́n máa bá mi ka oókan dé ẹẹ́wàá. Tí mo bá dé mẹ́ta, wọ́n á dúró, wọ́n á máa wo ẹnu mi.

Aṣọ tó lé, mo fi rán kọ́tìnì sí ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà tó bá wọlé á ní ó rẹwà, níbo ni mo ti rà á. Mo máa ń ní ọ̀rẹ́ kan ló fún mi.