Olùyọ̀ǹda ní ọgbà ẹranko UI (Yunifásítì Ìbàdàn): báwo la ṣe ń darí ọmọ ilé ìwé?

Adé_Bódìjà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 40 ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, èmi ni n ó ṣàlàyé fún wọn. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌyáÀgbowó: Pín wọn ní 10-10, olùkọ́ kan fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹnu géètì ni kí o ti gba ẹ̀pà àti bisikíìtì, má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá dé ìdí àgò: ọ̀bọ a máa gbé ọ̀rá mì, ọ̀rá á sì dí i nífun. Ọmọ tó ń wúkọ́ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìnàkí; òtútù tiwa lè pa á. Tí ìnàkí bá sì yọ eyín, ẹ̀rín kọ́ o, ẹ̀rù ló sábà máa ń bà á. Ibẹ̀ gan-an ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Mọ́kọ́lá1: Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ wọlé, lọ́sàn-án kìnnìún á ti sùn. Wọn á sì bi ọ́ léèrè béárì tí Dáfídì pa. Kò sí nínú igbó Áfíríkà mọ́. Ti ìhà Mòrókò ti run pátápátá.

Adé_Bódìjà: Bí ẹranko bá gé ọmọ jẹ ńkọ́, mà?

ÌyáÀgbowó: Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 15 gbáko, kẹ́ ẹ tó sáré lọ ọsibítù fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ẹ má fi ata tàbí epo kankan sí i!