“Ìtọ́ka” kọ́, “atọ́ka” ni: èsì lórí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi,

Mo ka àbá ẹ̀gbọ́n wa pé, nínú Perl, èdè kan tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kí array (àkójọ nǹkan tó tò tẹ̀léra) tó ní array mìíràn nínú (nested array) máa jẹ́ “àkójọ onítẹ̀ẹ́”, kí reference (ohun tó ń tọ́ka sí ibi tí àkójọ wà) sì máa jẹ́ “ìtọ́ka”. Ti àkọ́kọ́ kò gba àkókò: ẹyẹ ló ń sùn sínú ìtẹ́, ọba ló ń gúnwà lórí rẹ̀, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ ọ tí yóò rò pé àkójọ kan wà nínú òmíràn. “Àkójọ inú àkójọ” pàápàá kò pé, nítorí pé bí a bá kọ (@x, @y), tí @x àti @y jẹ́ àkójọ méjì, ńṣe ni Perl yóò tú méjèèjì dà sórí ìlà kan ṣoṣo. Láti Perl 5 ti ọdún 1994 ni reference ti gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn: òun ni a ń fi sínú ipò kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe àkójọ fúnra rẹ̀.

Lórí “ìtọ́ka” ni n ó ti jókòó. Àfòmọ́ “ì-” ń sọ ìṣe, “a-” ń sọ ẹni tàbí ohun tó ń ṣe é: ìkọ̀wé kì í ṣe akọ̀wé, ìpẹja kì í sì í ṣe apẹja. Àmì \ tí a fi ṣíwájú @x ni ìtọ́ka, nítorí pé ìṣe ni. Ohun tí ìṣe náà bí, tí a lè tọ́jú sínú $r, tí a sì lè ṣe àdàkọ rẹ̀, atọ́ka ni. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò kọ my @y = @x, yóò yí $y[0][1] (ohun kan nínú àkójọ tí ipò àkọ́kọ́ @y ń tọ́ka sí) padà, ẹnu yóò sì yà á pé $x[0][1] yí padà pẹ̀lú, láìmọ̀ pé atọ́ka nìkan ló di méjì, ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí kò kúrò ní ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n ní “ìránṣẹ́” ń kọ́, tó ní “ì-” tó sì jẹ́ ènìyàn? Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹni tí a rán ni ìránṣẹ́, kì í ṣe ẹni tó rán an. Bí a bá tẹ̀lé e, ohun tí a tọ́ka sí ni ìtọ́ka yóò jẹ́, ìyẹn àkójọ gan-an! Pé ẹ̀gbọ́n ti ń kọ́ni ní gírámà kí a tó bí mi kò yí èyí padà, mo tọrọ àforíjì.

Òótọ́ ni pé atọ́ka (index) ti wà lẹ́yìn ìwé; nọ́ńbà inú àkámọ́ bíi [0], tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní index bákan náà, lè máa jẹ́ “nọ́ńbà ipò”. Orúkọ àmì ->, tí a fi ń ti ara atọ́ka dé ohun tó ń tọ́ka sí, ni mo ṣì ń wá. “Ìtọpa” wù mí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọpa kì í mọ ibi tí yóò já sí, atọ́ka sì ti mọ̀ ọ́n.