Àpótí gíláàsì lítà 54 fún ẹja kékeré tí ń gbé inú ìkarahun: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àṣàkẹ́ Lọ́ńdọ̀nù béèrè:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja. Nílé ọ̀rẹ́ mi kan ni mo ti kọ́kọ́ rí àwọn ẹja adágún Tanganyika tí ń gbé inú ìkarahun, wákàtí kan gbáko ni mo sì fi jókòó tì wọ́n. Ẹja kan tí kò gùn tó ọmọ-ìka ọwọ́ mi ń fi ẹnu bu iyanrìn, ó ń gbé e lọ dà nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkarahun rẹ̀, ó sì tún ń padà wá bu òmíràn, bí ẹni tí ń gbá ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Mo ti ra àpótí gíláàsì kan tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí ó fẹ̀ ní 30, tí ó sì ga ní 30, èyí tí í ṣe lítà 54. Èwo nínú àwọn ẹja náà ni ó bá àpótí yìí mu? Ṣé omi ẹ̀rọ wa níbí, tí ẹfun rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù, kò ní pa wọ́n lára? Mo sì tún ní ìkarahun ìgbín bíi mélòó kan, irú ìgbín tiwa tí mo rà sè. Ṣé wọ́n lè di ilé ẹja?

Bàbá Ẹlẹ́ja dáhùn:

Ẹ kú ìbéèrè, arábìnrin mi. Ẹfun tí ẹ ń rí nídìí kẹ́tù yẹn kì í ṣe ọ̀tá ẹja yìí rárá, ohun tí ó ń wá gan-an ni. Adágún Tanganyika, tí Tànsáníà, Kóńgò, Bùrúndì àti Sámbíà jọ yí ká, jẹ́ omi tí ó le, ìyẹn ni pé ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀, tí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó: 7 ni agbedeméjì, ohun tí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í kan) sì wà ní nǹkan bíi 9. Ìdí nìyẹn tí ìkarahun ìgbín Neothauma tí ó ti kú fi ń wà nísàlẹ̀ omi náà fún ọdún gbọọrọ láìyòrò, títí tí wọ́n fi ń kúnlẹ̀ rẹpẹtẹ níbòmíràn. Àwọn ẹja wọ̀nyí kò rí àpáta sá sí lórí iyanrìn gbalasa yẹn, ni wọ́n bá sọ ilé olókùú di ilé tiwọn. Omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù tẹ́ wọn lọ́rùn. Kí ẹ ṣáà fi oògùn omi pa chlorine inú rẹ̀ kí ẹ tó dà á sínú àpótí, kí ẹ sì jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ní ìwọ̀n Celsius 25 tàbí 26.

Ní ti irú ẹja, bí mo bá wà ní ipò yín, Neolamprologus multifasciatus ni n óò mú. Ó wà lára àwọn sìkílíìdì, ìdílé ẹja tí àwọn ẹja yìí ti wá, tí ó kéré jù lọ láyé: akọ rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, abo kò sì tó bẹ́ẹ̀. Agbo ilé ni wọ́n ń gbé, àwọn òbí kì í sì í lé àwọn ọmọ wọn àgbà jáde nígbà tí wọ́n bá tún yé ẹyin mìíràn. Mẹ́fà sí mẹ́jọ tó bẹ̀rẹ̀. Lamprologus ocellatus náà lẹ́wà, àyà rẹ̀ sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n akọ méjì nínú wọn kò lè gbé lítà 54 ní àlàáfíà.

Iyanrìn kíkúnná ni kí ẹ lò, kí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5 ó kéré tán, nítorí ẹnu wọn kò lè gbé òkúta wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi òkúta ńlá kún un, orí gíláàsì ni kí ẹ gbé e kà kí iyanrìn tó wọlé, kí wọ́n má baà gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ tí yóò fi wó lù wọ́n. Ẹ pèsè ìkarahun mẹ́ta fún ẹja kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe bọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tò wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo máa ń tò wọ́n lálaalẹ́ kí ó lè dùn-ún wò, tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, wọ́n á ti tú gbogbo rẹ̀ ká. Ìgbà tí mo yọwọ́ ni abo kan tó yan ìkarahun kan láàyò, ó gbẹ́ ìdí rẹ̀ títí ó fi kan gíláàsì ìsàlẹ̀, ó sì yé sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo rí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, tí kò tó hóró ìrẹsì, tí ó yọjú tí ó sì sá wọlé padà bí òjìji mi ṣe kan gíláàsì, gbogbo ará ilé ni mo pè wá wò ó.

Adébọ̀ Manchester dáhùn:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá Ẹlẹ́ja, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń kà á ní ìlú mìíràn má rò pé omi ẹ̀rọ gbogbo Ìlú Ọba dọ́gba. Láti ọdún 1894 ni wọ́n ti ń fa omi wá sí Manchester láti adágún Thirlmere. Ọṣẹ díẹ̀ ni ó ń hó yaaya nínú omi wa, kálísíọ̀mù rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Láàárín oṣù mélòó kan, etí àwọn ìkarahun mi ti ń rún. Iyanrìn iyùn ni mo fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni ó gbé pH mi kọjá 8.

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé ọjọ́ tí mo ra àpótí ni mo ra ẹja, nítorí ẹni tí ó tà á fún mi ní kò séwu. Mẹ́fà ni mo rà. Mẹ́rin ti kú kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ìgbẹ́ ẹja àti àjẹkù oúnjẹ a máa di ammonia, tí ó jẹ́ májèlé fún ẹja, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú fílítà ni ó ń sọ ọ́ di nitrite, àwọn mìíràn sì ń sọ nitrite di nitrate tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni àwọn kòkòrò náà sábà máa ń gbà kí wọ́n tó pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ omi tí pH rẹ̀ ga, irú èyí tí ẹja yìí fẹ́, ni ammonia ti ń ṣọṣẹ́ jù. Ẹ bẹ ọ̀rẹ́ yín kí ó gé díẹ̀ fún yín lára fóòmù fílítà tirẹ̀, yóò dín ìdúró náà kù. Títí àyẹ̀wò yóò fi fi hàn pé ammonia àti nitrite ti di òdo, ẹ má ra ẹja kankan.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn, dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ìgbín. Ìkarahun ìgbín ńlá tí a ń sè jẹ kò dára fún ẹja yìí, torí ẹnu rẹ̀ ti gbòòrò jù. Ohun tí ẹja náà ń fẹ́ ni ibi tí òun nìkan lè fún ara rẹ̀ wọ̀. Ti ìgbín kékeré dára, bí ẹnu rẹ̀ kò bá ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 2.5 lọ. Ìkarahun òfìfo ti ìgbín tí àwọn ará Faransé ń jẹ ni ọ̀pọ̀ asinja ní Yúróòpù ń lò, yóò sì rọrùn láti rí lọ́dọ̀ yín.

Ẹ sè é dáadáa, ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ìwọ̀nba ẹran tí ó bá kù ní kọ́lọ́fín, kí ẹ wá gbé e sí imú. Bí ó bá ṣì ń rùn, ẹ tún un sè, torí ẹran yẹn yóò jẹrà di ammonia tí Adébọ̀ ń wí. Nígbà tí ẹ bá sì ń rì í sómi, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fi hó jáde tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò léfòó.

Àṣàkẹ́ Lọ́ńdọ̀nù:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa yóò máa bù kún yín. Mo fi rúlà wọn ẹnu ìkarahun mẹ́sàn-án tí mo ní. Méjì péré ni ó yege, mo sì ti sè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rẹ́ mi ti gbà láti gé fóòmù fún mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Iyanrìn àti omi ti wà nínú àpótí báyìí, ẹja kò tíì sí níbẹ̀, n óò sì máa padà wá sọ iye tí ammonia bá jẹ́ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.